Ẹ Jẹ́ Kí Ìwé Dẹ́rù Bà Wá

Ní Adjamé, àwọn kan wà tí wọ́n ń tẹ́ ìwé sórí ọ̀rá lẹ́bàá ọ̀nà, nítòsí ibi tí àwọn gbàkà ti ń pe èrò. "Librairie par terre" là ń pè wọ́n ní Àbíjàn, ilé ìtàwé tí kò ní ilé. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹlòmíràn ti lò, ìwé òfin, ìwé àdúrà, ìwé ìfẹ́ tí èèpo rẹ̀ ti ya, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró sí ní Sátidé kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọdún yìí ni yóò ṣe ìdánwò bac. Ó ní, "Tọ́ńtọ̀n, ìwé tó máa bà mí lẹ́rù ni mo fẹ́. Kì í ṣe èyí tó máa kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ o. Èyí tí mi ò ní lè pa iná sùn tí mo bá kà á tán."

Ọ̀gá tó ń tàwé kò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ìwé Stephen King mẹ́ta ló fà yọ lábẹ́ ìwé ìṣirò, gbogbo wọn lédè Faransé, gbogbo wọn ti gbó. A ra ọ̀kan. Nígbà tí a dé ilé ní Treichville, ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ọmọ náà, gba ìwé yìí, wọ́n wo àwòrán iwájú rẹ̀, wọ́n sì kọjú sí mi: "Ṣé ẹ̀rù tó wà nílùú yìí ò tó ẹ ni, tó o fi ń fowó ra òmíì fún ọmọ mi?"

Mi ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Èsì ọ̀hún ni mo kọ síbí yìí. Màá dárúkọ àwọn ìwé tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ wá kà, ti tuntun àti ti àtijọ́, màá sì sọ ìdí tí mo fi gbà pé ìlú tí ẹ̀rù pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an ló nílò ìwé adẹ́rùbani.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, wọ́n ń jí àwọn ọmọdé gbé ní Àbíjàn, wọ́n sì rí òkú àwọn kan nínú wọn tí wọ́n ti gé ẹ̀yà ara wọn. Gbogbo ìlú gbà pé oògùn owó ni. Wọ́n nàka sí àwọn "brouteur", àwọn ọmọ tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ Yahoo ní Nàìjíríà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì kéré nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ló ń mú un lọ sílé-ẹ̀kọ́, àwọn náà ni wọ́n ń lọ mú un bọ̀, ọwọ́ wọn kì í sì í kúrò lára ọmọ náà títí wọn yóò fi tilẹ̀kùn ilé. Ìyá tó ti la irú oṣù bẹ́ẹ̀ kọjá, báwo ni yóò ṣe yé e pé ọmọ rẹ̀ ń fowó ra àìsùn?

Ṣùgbọ́n ìrántí mìíràn wà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ní, tí a kì í sì í sábà sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1997, ariwo kan bẹ̀rẹ̀ ní Ghana pé àwọn kan wà láàárín ìlú tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ọkùnrin, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ á poora. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Nàìjíríà ṣáájú. Wọ́n pa ènìyàn ní Accra. Nígbà tó di oṣù kẹta, ariwo náà ti dé Àbíjàn, wọ́n sì pa ènìyàn níbí pẹ̀lú. Julien Bonhomme, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, kọ odidi ìwé lórí àhesọ yìí, Les Voleurs de sexe, tó jáde ní 2009. Ó fi hàn pé àárín àwọn tí kò mọ ara wọn rí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ́ sílẹ̀: nínú ọjà, nínú ọkọ̀, níbi tí ẹnìkan ti bọ ẹlòmíràn lọ́wọ́ lásán. Àlejò ni wọ́n sì sábà máa ń mú.

Àlejò ni bàbá mi. Láti Ẹ̀jìgbò ni wọ́n ti wá, bíi ti ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà nílùú yìí, àwa tí wọ́n ń pè ní Ànàgó. Wọ́n ní ìsọ̀ ìkòkò àti abọ́ ní Adjamé. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹta yẹn, wọ́n na ṣéńjì sí oníbàárà kan. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ wọn, kò gbà á. Ó ní kí wọ́n gbé owó náà sílẹ̀, kí òun mú un níbẹ̀. Bàbá mi gbé e sílẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, wọ́n mú abọ́ tánńganran kékeré kan nínú ọjà wọn, wọ́n gbé e síwájú ìsọ̀. Láti ọjọ́ náà, inú abọ́ yẹn ni oníbàárà ń ju owó sí, inú rẹ̀ ni bàbá mi ń ju ṣéńjì sí. Fún bí oṣù méjì, wọn kò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní gbangba. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n mo ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń ki ọwọ́ méjèèjì sápò tí wọ́n bá ń bọ̀ nílé.

Yorùbá ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Gbogbo wa la ń pa òwe yìí. Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti pa ènìyàn. Ẹni tó pa á ti mọ ẹni tó jẹ̀bi kí ó tó béèrè ohun tó ṣe ọmọ. Báyìí ni àhesọ ṣe ń ronú. Ó gbọ́ ariwo, ó rí òfò, ó so méjèèjì pọ̀, ó sì wá ọrùn tí yóò so ó mọ́. Ọrùn tó sì máa ń wà nítòsí, ọrùn àlejò ni, tàbí ti ìyá arúgbó tí kò lọ́mọ, tàbí ti ọmọ tí ojú rẹ̀ kò jọ tiwa.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rù ti pọ̀ jù nílùú, mo gbà. Ibi tí a ti yà sọ́tọ̀ ni pé wọ́n rò pé irú ẹ̀rù kan náà ni. Àhesọ kò ní òǹkọ̀wé. "Wọ́n ní" ló kọ ọ́. Ìwé ní orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, a sì lè bi ẹni náà pé kí ló fà á. Àhesọ kì í parí. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ ní Accra, yóò wọkọ̀ wá sí Àbíjàn. Ìwé ní ewé tó kẹ́yìn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé àhesọ kì í jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹni tí à ń bẹ̀rù. Ìwé adẹ́rùbani tó dára a máa gbé wa sínú ara ẹni náà gan-an, a ó sì jókòó síbẹ̀ títí yóò fi di àárọ̀.

Òṣùwọ̀n tí mo fi ń yan ìwé nìyẹn. Bí ìwé kan bá sọ fún mi pé àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sádùúgbò ló ń jẹ ènìyàn, tó sì parí síbẹ̀, mo lè kà á, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ariwo ọjà ni, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ síwèé ni. Èyí tí mo ń wá ni ìwé tó ń tanná wo inú ilé wa.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ní Côte d'Ivoire ló ti ka ìwé adẹ́rùbani kan rí, wọn ò kàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Le Pagne noir ti Bernard Dadié, tó jáde ní 1955, ni mò ń wí. Nínú ìtàn tó fún ìwé náà lórúkọ, ìyàwó bàbá gbé aṣọ dúdú lé ọmọ òrukàn kan lọ́wọ́, Aïwa, pé kó lọ fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun. Ọmọ náà rìn láti odò dé odò, omi kọ̀, kò rin aṣọ náà. Níkẹyìn, ìyá rẹ̀ tó ti kú fara hàn án, ó sì fún un ní aṣọ funfun. Nígbà tí ìyàwó bàbá rí aṣọ náà, jìnnìjìnnì bò ó, nítorí ó dá a mọ̀: ara aṣọ tí wọ́n fi sin ìyá ọmọ náà ni. Tíṣà wa ní kí a sọ ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa. A ní kò dára kí a máa fìyà jẹ ọmọ òrukàn. Kò sẹ́ni tó bi wá bóyá a sùn lóru ọjọ́ náà.

Láti ibẹ̀, ẹ kọjá sí Reine Pokou ti Véronique Tadjo, tó jáde ní 2005, tó sì gba Grand prix littéraire d'Afrique noire lọ́dún kan náà. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ibí mọ ìtàn Abla Pokou: ọbabìnrin tó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sá kúrò nílẹ̀ Aṣáǹtì, tó dé etí odò Comoé tí kò rí ọ̀nà kọjá, tí wọ́n ní odò ń béèrè ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ́wọ́ wọn, tó sì ju ọmọ rẹ̀ sómi. Níbẹ̀, wọ́n ní, ni orúkọ Baoulé ti wá. Ìtàn akọni ni wọ́n fi kọ́ wa. Tadjo tún un sọ lọ́nà tó lé ní ẹyọ kan, ó ń yí i padà, ó ń wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀, ó sì ń padà sọ́dọ̀ ìyá tó dúró sí etí odò. Iwin kankan kò fò jáde lójú ewé àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ibẹ̀ ni pé láti kékeré la ti ń pàtẹ́wọ́ fún ikú ọmọ ọwọ́.

Nínú àwọn ìwé tuntun, èyí tí mo máa kọ́kọ́ gbé lé yín lọ́wọ́ ni Ghostroots ti 'Pemi Aguda. Ìtàn kúkúrú méjìlá ló wà nínú rẹ̀, Èkó sì ni ilé wọn. Ó jáde ní 2024, ó sì wà lára ìwé márùn-ún tó kù sójú ìdíje fún ẹ̀bùn National Book Award ti Amẹ́ríkà lọ́dún náà. Nínú ọ̀kan, ọmọkùnrin kan ń wo bí àrùn tí kò lórúkọ ṣe ń pa àwọn ọmọkùnrin lójú pópó tí wọ́n ń gbé. Ẹ̀yin náà á máa bá a ka ilé tó kù. Nínú òmíràn, "Manifest", obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú ìyá rẹ̀ tó ti kú lójú ọmọbìnrin rẹ̀. Àwa tí a ń sọ ọmọ ní Yétúndé àti Ìyábọ̀, ayọ̀ la fi ń sọ orúkọ náà. Aguda béèrè ohun tí a kì í béèrè níbi ìsọmọlórúkọ: bí ìyá tó padà wá náà kò bá jẹ́ ìyá rere ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbà rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ fi gbogbo ayé sá fún ńkọ́? Mo ka ìtàn yìí lálẹ́, mo sì dìde lọ wo àwòrán ìyá ìyá mi lára ògiri.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìyẹn, kó mú Cursed Daughters ti Oyinkan Braithwaite tẹ̀ lé e. 2025 ló jáde. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin mọ̀lẹ́bí ìyá rẹ̀ kan, ojú ọmọ sì jọ ti òkú. Kí ọmọ tó mọ̀rìn, ẹbí ti parí ẹjọ́: òkú ló padà wá, ohun tó sì ṣe òkú ni yóò ṣe ọmọ. Èpè kan tún wà nínú ìdílé náà tí kò jẹ́ kí ọkọ dúró ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Màá sọ òótọ́ fún yín: kì í ṣe ìwé adẹ́rùbani láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín náà wà. Ẹ̀rù rẹ̀ ni ohun tí ẹnu ẹbí nìkan lè fi ayé ọmọ ṣe. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Nítorí ọ̀rọ̀ ìbejì, ẹ má fo The Icarus Girl ti Helen Oyeyemi, tó jáde ní 2005. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, rí ọ̀rẹ́ kan ní àgbàlá bàbá ìyá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà tẹ̀ lé e padà sí ìlú òyìnbó. Èjìrẹ́ tó kú tí wọn kò gbẹ́ ère fún, tí wọn kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ létí ìkejì rẹ̀, ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́mọ sí Paris tàbí London, ẹ kà á ṣáájú àwọn ọmọ yín.

Àwọn kan á ní ẹ̀rù tí mò ń sọ yìí ti fẹ́lẹ́ jù, pé òkú tó ń rìn ni àwọn fẹ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ Nuzo Onoh, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Enugu. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ irú ìwé yìí, Horror Writers Association, ti fún un ní ẹ̀bùn fún gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láyé rẹ̀. Where the Dead Brides Gather, tó jáde ní 2024, sọ ìtàn ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan tó jí lóru, tó bá ara rẹ̀ níbi tó dúró bíi ọlọ́dẹ níwájú yàrá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì, nítorí òkú ìyàwó kan ń bọ̀ wá gba ọkọ. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ariwo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, ohun tí wọ́n ń fi ojú obìnrin rí nítorí ìgbéyàwó ni iná tó ń dáná fún gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ ìwé méjì tó gbé wa wọ inú ẹni tí à ń bẹ̀rù. Àkọ́kọ́ ni Mémoires de porc-épic ti Alain Mabanckou, ọmọ Congo-Brazzaville, tó gba ẹ̀bùn Renaudot ní 2006. Ẹranko ló ń sọ ìtàn náà, òòrẹ̀ kan tó jẹ́ ìkejì ọkùnrin kan, tí ọkùnrin náà ń rán lọ pa ènìyàn. Olúwa rẹ̀ ti kú. Òun kò kú. Ó jókòó sábẹ́ igi oṣè, ó ń jẹ́wọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwé náà kò ní àmì ìdánudúró kan ṣoṣo. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì rí i pé apànìyàn lẹ̀ ń bá rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó rí bí abúlé ṣe ń wá ẹni tó jẹ̀bi nídìí gbogbo òkú.

Èkejì ni The Murders of Molly Southbourne ti Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London. Ó jáde ní 2017, ó sì wà lédè Faransé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀ lára Molly, Molly mìíràn á hù jáde, á sì fẹ́ pa á. Láti kékeré ni àwọn òbí rẹ̀ ti kọ́ ọ bí yóò ṣe máa pa wọ́n. Kò gùn, ẹ lè kà á tán ní alẹ́ kan. Èyí ni mo yá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó parí Stephen King rẹ̀, nítorí kò sí àlejò kankan níbẹ̀ tí ènìyàn lè dì ẹ̀bi rù. Ọ̀tá náà, ojú rẹ lojú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń béèrè: ìwé Yorùbá dà? Ìbéèrè náà dùn mí ju bó ṣe dùn yín lọ. Àwa la kọ́kọ́ débẹ̀. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e ní 1949. Nínú èyí kejì yìí, Fágúnwà fi ẹnìkan ṣọ́ ẹnu bodè igbó náà, ó sì sọ ọ́ ní Àǹjọ̀nú Ìbẹ̀rù. Mo ti ronú lórí orúkọ yẹn láìmọye ìgbà. Ìbẹ̀rù gan-an ni oníbodè. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀, kí ó wò ó lójú, kí ó bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sá padà láti ẹnu bodè, ilé ni yóò ti máa sọ ohun tí kò rí.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, fi Gẹ̀ẹ́sì ti ara rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Nínú My Life in the Bush of Ghosts, tó jáde ní 1954, ọmọ ọdún méje sá wọ igbó iwin nítorí àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: ènìyàn ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù, kí iwin tó rí i.

Lẹ́yìn wọn, ẹ̀rù wa kó lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Aguda, Braithwaite, Oyeyemi, Thompson: gbogbo wọn ní orírun Yorùbá, kò sì sí ìkankan nínú ìwé tí mo dárúkọ yìí tí wọ́n fi Yorùbá kọ. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó fẹ́ jẹun yóò tà níbi tí wọ́n ti ń rà. Ṣùgbọ́n èdè tó ní iwin, ẹbọra, egbére, àǹjọ̀nú àti àbíkú, tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ́tọ̀, kò yẹ kó máa yá ẹ̀rù lò.

Ẹ wo àkúdàáyà nìkan. Ẹnìkan kú ní Ẹ̀jìgbò, wọ́n sin ín, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹnìkan wọkọ̀ láti Ẹ̀jìgbò, ó gba Cotonou, Lomé àti Accra kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Àbíjàn, ó sì rí òkú yẹn ní Treichville tó ń ta ìrẹsì, tó ní ọkọ, tó ní ọmọ. Bí wọ́n bá ti fojú rinjú, ní ọjọ́ kejì, ìsọ̀ á wà níbẹ̀, kò ní sí oníṣọ̀ọ́. Gbogbo ọmọ Ànàgó tó dàgbà síbí ló ti gbọ́ irú ìtàn yìí rí. Ta ni yóò kọ ọ́? Mo fẹ́ kà á láti ẹnu ọmọ tí àkúdàáyà bí, tó jí tí kò rí ìyá rẹ̀ mọ́, tí gbogbo àdúgbò sì ń wo òun náà tìfura-tìfura. Mo fẹ́ kà á ní Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ gbọ́ o.

Àtakò kan kù tí mi ò gbọdọ̀ fo. Àwọn kan, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú mọ́sálásí, gbà pé irú ìwé yìí ń ṣílẹ̀kùn fún ohun tí kò yẹ kó wọlé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n tíṣà onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ló sì tẹ Ògbójú Ọdẹ. Àwọn yẹn mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà ti wà ní ṣíṣí tipẹ́, pé ohun tó kù ni kí ènìyàn mú fìtílà dání. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kí ẹ kó gbogbo ìwé wọ̀nyí fún ọmọdé. Molly àti Onoh kì í ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ kà wọ́n, kó kọ́kọ́ kà wọ́n fúnra rẹ̀, kó sì wà nílé lóru tí ọmọ ń kà á.

Ọjọ́ méjì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ka Molly. Nígbà tí mo lọ gbà á, a jókòó ní ilé ìdáná. Abọ́ tánńganran bàbá mi wà lórí pẹpẹ, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ báyìí. Ọmọ náà bi mí pé, "Tọ́ńtọ̀n, kí ló dé tí Màmá kì í jẹ́ ká fi abọ́ yẹn jẹun?" Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò dá mi dúró. Mo sọ ọ́ fún un: 1997, ọwọ́ tí oníbàárà kọ̀, owó inú abọ́, oṣù méjì láìbọ ènìyàn lọ́wọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ta ló kọ́kọ́ pariwo?"

Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ó ní, "Ẹni yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ ìwé rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó rí kó tó lanu."

Mi ò gba ìwé mi padà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé àwọn fẹ́ wo ohun tí mò ń kó fún ọmọ àwọn. Nígbà tí mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n ti ṣẹ́ etí ewé kan ní nǹkan bí ìdajì ìwé. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀, pé iná ò tíì lọ, àwọn fẹ́ kà á tán kí ilẹ̀ tó ṣú.